Ẹ́ńjìnnì V8 Tí A Ṣẹ̀ṣẹ̀ Tún Tò Tí Kò Jí

Ọkọ̀ tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní muscle car ni ọkọ̀ tí kò tóbi púpọ̀ tí àwọn ilé-iṣẹ́ Detroit gbé ẹ́ńjìnnì V8 ńlá sínú rẹ̀ láti nǹkan bí ọdún 1964 títí wọ ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Pontiac GTO ti ọdún 1964 ni ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé fi ń bẹ̀rẹ̀ ìtàn wọn, Chevrolet Chevelle SS, Chevrolet Camaro, Ford Mustang àti Dodge Charger sì wà lára àwọn tí àwọn olólùfẹ́ ọkọ̀ ṣì ń sọ ẹ́ńjìnnì wọn kalẹ̀ tí wọ́n sì ń tún un tò títí di òní. V8 túmọ̀ sí pé ẹ́ńjìnnì náà ní silíńdà mẹ́jọ, ìyẹn ihò mẹ́jọ tí písítìn ń lọ sókè-sódò nínú wọn, tí a tò sí ìlà méjì tí wọ́n dagun sí ara wọn, mẹ́rin ní apá kọ̀ọ̀kan.

Ẹ́ńjìnnì tí ó ti ń ṣiṣẹ́ fún ọdún pípẹ́ tí ó wá kọ̀ láti jí lọ́jọ́ kan sábà máa ń jìyà ogbó: ohun kan nínú rẹ̀ ti jẹ, ó ti jó, tàbí ó ti dí. Èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi rínǹgì, bẹ́rìǹ àti kámù tuntun tún tò yàtọ̀ pátápátá, nítorí pé ohun tí ó gbó kò fi bẹ́ẹ̀ sí nínú rẹ̀ mọ́. Àbùkù rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ti ìtò nígbà gbogbo: wọ́n fi ohun kan sí ipò tí kì í ṣe tirẹ̀, wọ́n dè é jù, wọ́n gbàgbé rẹ̀, tàbí wọ́n kun ọ̀dà sí ibi tí kò yẹ kí ọ̀dà dé. Nítorí náà, kò sí ọgbọ́n nínú kí atúnṣe sáré lọ ra kọ́ìlì tàbí kabúrétọ̀ mìíràn ní wákàtí àkọ́kọ́. Ohun tí ó tọ́ ni kí ó padà tẹ̀lé ipa ọwọ́ tí ó to ẹ́ńjìnnì náà, ìbáà ṣe ọwọ́ òun fúnra rẹ̀, kí ó sì yẹ iṣẹ́ ọwọ́ náà wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Kíkì kì í ṣe irinṣẹ́ ìwádìí

Àṣà tí ó wọ́pọ̀ jù, tí ó sì léwu jù, ni kí ẹni tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò jí máa yí kọ́kọ́rọ́ lọ títí tí bátìrì yóò fi rẹ̀. Kì í ṣe bátìrì nìkan ni ó ń jìyà ní àkókò náà. Kámù ni ọ̀pá oníkókó tí ó ń ṣí fáàfù, tí fáàfù sì jẹ́ ilẹ̀kùn tí àdàlù epo àti afẹ́fẹ́ ń gbà wọ inú silíńdà tí èéfín sì ń gbà jáde. Lórí kókó kọ̀ọ̀kan ni lífítà jókòó sí, irin kúkúrú tí ó ń gbé ìṣípòpadà kókó náà lọ sókè. Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ V8 ti àkókò yẹn, ìsàlẹ̀ lífítà fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́ pẹrẹsẹ, ó sì ń fi ara gbo kókó kámù ní tààrà lábẹ́ agbára sípíríǹgì tí ó le gan-an. Ọ́ìlì tí kíránkì, ìyẹn ọ̀pá ńlá tí ó ń sọ lílọ-bíbọ̀ písítìn di yíyípo, ń ta káàkiri bí ó ti ń sáré ni ó ń rọ̀ sí ojú kámù yìí. Nígbà tí kíkì bá ń fi ìrọ̀rùn yí ẹ́ńjìnnì, ọ́ìlì tí kíránkì ń ta kò tó nǹkan, bẹ́ẹ̀ ni gíríìsì tí wọ́n fi pa kókó kámù nígbà ìtò ń nù kúrò díẹ̀díẹ̀. Ẹni tí ó bá kíkì ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ títí lè jí i nígbẹ̀yìn kí ó sì bá kámù tuntun tí kókó rẹ̀ ti jẹ, irin tí ó jẹ kúrò lára rẹ̀ yóò sì ti bá ọ́ìlì lọ sínú bẹ́rìǹ.

Òfin tí gbogbo àlàyé yìí dúró lé ni pé ohunkóhun tí a bá lè yẹ̀ wò láìkíkì ni kí a yẹ̀ wò láìkíkì. Bí ẹ́ńjìnnì kò bá sì dáhùn lẹ́yìn ìgbà méjì tàbí mẹ́ta tí kíkì kọ̀ọ̀kan kò ju ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún sí mẹ́wàá lọ, kí atúnṣe yọ kọ́kọ́rọ́, kí ó gbé e jìnnà.

Ọ́ìlì àti yíyí ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́

Kí ẹnikẹ́ni tó bèèrè ìdí tí ẹ́ńjìnnì kò fi jí, ó ní láti dá a lójú pé kò ní bàjẹ́ bí ó bá jí. Nínú Chevrolet V8 kékeré, irú èyí tí ó kọ́kọ́ jáde ní ọdún 1955 tí 350 rẹ̀ sì jáde ní 1967, dísítíríbútọ̀, ẹ̀rọ tí ó ń pín iná fún silíńdà kọ̀ọ̀kan, ni ó ń yí pọ́ńpù ọ́ìlì. Bí wọ́n bá yọ ọ́ kúrò, a lè fi ọ̀pá pàtàkì kan sẹ́nu dírìlì, kí a sì yí pọ́ńpù bí ọwọ́ aago ṣe ń yí títí tí géèjì yóò fi fi ìtẹ̀ ọ́ìlì hàn. Ọ̀pá yìí gbọ́dọ̀ ní ọ̀já irin tí ó dí àyè ara dísítíríbútọ̀, nítorí pé ara dísítíríbútọ̀ gan-an jẹ́ apá kan ojú ọ̀nà ọ́ìlì. Ọ̀pá tí kò ní i yóò jẹ́ kí ọ́ìlì ṣòfò níbẹ̀, àwọn lífítà apá kan kò sì ní rí i tó. Pọ́ńpù Ford 289 àti 302 ń yí ní òdìkejì ọwọ́ aago, èyí sì máa ń ṣi ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́ Chevrolet lọ́nà.

Lẹ́yìn èyí ni kí a tú gbogbo pílọ́ọ̀gì, kí a sì fi sípánà gígùn yí bóòtì iwájú kíránkì yípo ní ẹ̀ẹ̀mejì. Ẹ́ńjìnnì tuntun yóò wúwo díẹ̀ nítorí rínǹgì, ṣùgbọ́n ìwúwo náà gbọ́dọ̀ dọ́gba káàkiri. Bí ó bá há síbì kan pàtó, a kò gbọdọ̀ fi agbára bá a jà. Fáàfù lè máa kan písítìn. Bí omi tàbí epo bá sì tú jáde láti ihò pílọ́ọ̀gì kan, ó dára pé ọwọ́ ni ó rí i, kì í ṣe kíkì, nítorí pé omi kò ṣeé fún pọ̀, ọ̀pá tí ó so písítìn mọ́ kíránkì ni ì bá tẹ̀.

Iná mànàmáná

Bátìrì tí ó kún a máa ka fólítì 12.6 bí ó bá sinmi, kò sì yẹ kí ó wálẹ̀ ju nǹkan bí 9.6 lọ nígbà tí kíkì bá ń ṣiṣẹ́. Bí bátìrì bá dára tí kíkì sì ń fà tìkọ̀, kí a kọ́kọ́ fura sí ẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ọ̀nà tí iná ń gbà láti ara ẹ́ńjìnnì padà sí ẹsẹ̀ òdì bátìrì. Ọ̀dà tí ó mú kí ẹ́ńjìnnì tuntun dán ni ó sábà máa ń dí ọ̀nà yìí: ọ̀dà wà lábẹ́ orí wáyà, ọ̀dà wà lára irin tí ó gbé ẹ́ńjìnnì dúró, okùn ẹ́ẹ̀tì tí ó lọ sí ara ọkọ̀ sì lè wà nínú àpótí nílẹ̀, tí kò sẹ́ni tí ó rántí rẹ̀. Ẹni tí ó bá fi mítà wọn láti ara búlọ́ọ̀kù sí ẹsẹ̀ òdì bátìrì, tí ó yọ wáyà kọ́ìlì, tí ó sì kíkì fún ìṣẹ́jú-àáyá méjì péré, kò yẹ kí ó rí ju ìdajì fólítì lọ. Bí ó bá jù bẹ́ẹ̀, kí ó ha ọ̀dà kúrò títí tí irin yóò fi hàn.

Kọ́ìlì ni ó ń sọ fólítì kékeré bátìrì di ńlá tí ó lè ta iná ní ẹnu pílọ́ọ̀gì, kọ́ńtáàtì tí ó wà nínú dísítíríbútọ̀ sì ni ó ń já iná kọ́ìlì ní àkókò tí ó yẹ. Àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí kì í jẹ́ kí kọ́ìlì gba fólítì 12 ní gbogbo ìgbà. Chrysler fi ìdíwọ́ iná oníṣeráámíìkì sára ògiri ẹ́ńjìnnì, Chevrolet àti Ford sì lo wáyà tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ ìdíwọ́. Nígbà tí kíkì bá ń ṣiṣẹ́ nìkan ni wáyà mìíràn, tí ó ti ara sólínọ́ìdì, ìyẹn ohun tí ó ń ṣí iná sí kíkì, wá nínú Chevrolet àti Ford, ń gbé fólítì bátìrì lọ sí kọ́ìlì ní tààrà. Láti inú ètò yìí ni àmì méjì kan ti jáde tí kò ṣòro láti mọ̀. Ẹ́ńjìnnì tí ó jí nígbà tí kíkì ń yí i ṣùgbọ́n tí ó kú gẹ́rẹ́ tí kọ́kọ́rọ́ padà sí ipò iṣẹ́ ń sọ pé ọ̀nà tí ó gba inú ìdíwọ́ kọjá ti já. Èyí tí ó dákẹ́ ní gbogbo àkókò kíkì, tí ó wá fẹ́ gbiná lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo bí ọwọ́ bá ṣe fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀, ń sọ pé wáyà tí ó ti ara sólínọ́ìdì wá ni kò sí níbẹ̀: ẹsẹ̀ tí a kọ R sí lára rẹ̀ nínú Chevrolet, tàbí I nínú Ford.

Láti mọ̀ bóyá iná ń ta, kò pọn dandan kí ẹ́ńjìnnì yí. Kí atúnṣe ṣí ìdérí dísítíríbútọ̀, kí ó yí kíránkì lọ́wọ́ títí tí kọ́ńtáàtì yóò fi pa dé, kí ó ṣí kọ́kọ́rọ́ iná, kí ó fi irinṣẹ́ tí iná kò lè gbà kọjá di wáyà àárín kọ́ìlì mú ní nǹkan bíi mìlímítà mẹ́fà sí irin búlọ́ọ̀kù, lẹ́yìn náà kí ó fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ la ẹnu kọ́ńtáàtì. Nígbàkígbà tí ẹnu náà bá là, iná aláwọ̀ búlúù gbọ́dọ̀ fò. Kí epo bẹntiróòlù má ṣe sí nítòsí nígbà tí èyí bá ń lọ lọ́wọ́. Àlàfo kọ́ńtáàtì tuntun nínú Chevrolet jẹ́ 0.019 ínǹṣì, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rá tí ó wà lójú kọ́ńtáàtì tuntun láti inú páálí rẹ̀ ti tó láti pa iná náà run, nítorí náà kí a fi páálí mímọ́ nù ún.

Àkókò iná: ibi tí àṣìṣe pọ̀ sí jù

Ó yẹ kí a dúró pẹ́ níbí. Písítìn a máa dé góńgó òkè ní ẹ̀ẹ̀mejì nínú iṣẹ́ kan: ní ìgbà kan, fáàfù méjèèjì pa dé tí àdàlù epo àti afẹ́fẹ́ ti fún pọ̀, tí ó ń retí iná, ní ìgbà kejì, èéfín ni ó ń tì jáde, fáàfù sì ṣí. Kíránkì yí ẹ̀ẹ̀mejì kí kámù àti dísítíríbútọ̀ tó yí ẹ̀ẹ̀kan, nítorí náà àmì góńgó tí ó wà lára àgbá iwájú kíránkì kò lè sọ èwo nínú méjèèjì ni. Ẹni tí ó bá gbé dísítíríbútọ̀ wọlé ní góńgó èéfín ti gbé e wọlé ní òdìkejì, iná yóò sì máa ta nígbà tí kò sí ohun tí yóò jó.

Ìdẹkùn tí ó ti mú ọ̀pọ̀ ènìyàn nínú Chevrolet wà nínú àmì ìgún méjì tí ó wà lára gíà kámù àti ti kíránkì. Nígbà tí wọ́n bá ń fi ṣéènì sí i, àmì méjèèjì gbọ́dọ̀ kọjú sí ara wọn, ti kámù nísàlẹ̀, ti kíránkì lókè, èyí tọ̀nà. Ṣùgbọ́n ní ipò yìí, silíńdà kẹfà ni ó wà ní góńgó iná, kì í ṣe èkíní. Ẹni tí ó bá bo iwájú ẹ́ńjìnnì pa ní ipò yẹn, tí ó sì wá kọjú rótọ̀, apá kékeré tí ó ń pín iná nínú dísítíríbútọ̀, sí wáyà pílọ́ọ̀gì kìíní, ti ṣe àṣìṣe tí ojú kò lè rí láti òde. Ọ̀nà tí kì í tan ènìyàn ni kí ó tú pílọ́ọ̀gì kìíní, kí ó fi ìka dí ihò rẹ̀, kí ẹlòmíràn sì fi sípánà yí kíránkì: bí afẹ́fẹ́ bá ń ti ìka kúrò, písítìn ń lọ sí góńgó iná. Ẹni tí ó bá ti ṣí ìdérí fáàfù lè wo rọ́kà méjèèjì silíńdà náà, àwọn apá irin tí ó ń tẹ fáàfù, pẹ̀lú. Bí wọn kò bá mira nígbà tí kíránkì ń sún mọ́ àmì, góńgó iná ni.

Àmì ara àgbá iwájú fúnra rẹ̀ kò ṣeé gbà gbọ́ láìwádìí. Òrùka òde àgbá náà fi rọ́bà so mọ́ àárín, ó sì lè yọ̀ kúrò ní ipò rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Bákan náà ni ipò àmì yàtọ̀ láti ọdún kan sí òmíràn, tí àgbá ti ọdún kan pẹ̀lú ìdérí iwájú ti òmíràn yóò fi parọ́. Irin ìdádúró písítìn, tí a ń dè sí ihò pílọ́ọ̀gì, ni ó ń tú irọ́ náà fó: a óò yí kíránkì lọ́wọ́ lọ sí apá kan títí tí písítìn yóò fi kan irin náà, a óò sàmì, a óò yí i padà sí apá kejì títí tí yóò tún fi kàn án, a óò sàmì mìíràn, àárín àmì méjèèjì ni góńgó tòótọ́.

Lẹ́yìn náà ni a lè fi àkókò iná sípò láìjí ẹ́ńjìnnì rárá. A óò gbé kíránkì sí nǹkan bíi digiri 10 ṣáájú góńgó iná silíńdà kìíní, a óò so iná ìdánwò mọ́ ẹsẹ̀ òdì kọ́ìlì àti ẹ́ẹ̀tì, a óò ṣí kọ́kọ́rọ́, a óò sì rọra yí ara dísítíríbútọ̀ ní òdìkejì ibi tí rótọ̀ ń yí sí títí tí iná ìdánwò yóò fi ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn. Ibẹ̀ ni kọ́ńtáàtì ti là, ibẹ̀ ni a óò dè é sí. Ó tó fún ìjí àkọ́kọ́.

Ètò wáyà pílọ́ọ̀gì ni ó kàn. Chevrolet, Pontiac àti Chrysler V8 ń ta iná ní ètò 1-8-4-3-6-5-7-2, ṣùgbọ́n rótọ̀ Chevrolet ń yí bí ọwọ́ aago, ti Pontiac ń yí ní òdìkejì, Chrysler 318 àti 340 ń tẹ̀lé ọwọ́ aago nígbà tí 383 àti 440 ń yí ní òdìkejì. Ford 289 àti 302 ti àkókò náà ní ètò 1-5-4-2-6-3-7-8, òdìkejì ọwọ́ aago sì ni rótọ̀ wọn. Kíka silíńdà pàápàá yàtọ̀: Chevrolet ka 1, 3, 5, 7 sí apá òsì, níbi tí awakọ̀ Amẹ́ríkà ń jókòó sí, àti 2, 4, 6, 8 sí apá ọ̀tún; Ford ka 1 sí 4 ní ìlà ọ̀tún, 5 sí 8 ní ìlà òsì. Kí atúnṣe má ṣe gbára lé orí rẹ̀ nínú èyí. Kí ó kọ ọ́ sára bébà, kí ó sì fi ìka tẹ̀lé wáyà kọ̀ọ̀kan láti ìdérí dé pílọ́ọ̀gì.

Fáàfù tí kò pa dé

Bí kíkì bá ń yí ẹ́ńjìnnì wéré láìsí ìdíwọ́ kankan tí etí lè gbọ́, silíńdà kò fún afẹ́fẹ́ pọ̀, ìtò fáàfù sì ni a ó kọ́kọ́ fura sí. Lífítà tí ó ń lo ọ́ìlì ní písítìn kékeré nínú. A ní láti dè nọ́ọ̀tì rọ́kà nígbà tí lífítà wà ní ìsàlẹ̀ kókó, títí tí àlàfo yóò fi tán, lẹ́yìn náà kí a fi ìdajì sí odidi yíyí kan kún un. Ẹni tí kò mọ ìgbà tí àlàfo tán, tí ó sì ń dè lọ, yóò gbé fáàfù dúró ní ṣíṣí. Nínú àwọn ẹ́ńjìnnì tí rọ́kà wọn kò ṣeé dè, ọ̀pá ìtirọ́kà tí ó gùn jù ń ṣe ohun kan náà, pàápàá lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fá ojú héèdì.

Ìdánwò tí kò fẹ́ kíkì ni kí a fi silíńdà kan sí góńgó iná, kí a sì fẹ́ afẹ́fẹ́ kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ wọ ihò pílọ́ọ̀gì. Kí sípánà ti kúrò lára kíránkì kí a tó ṣí afẹ́fẹ́, nítorí pé ẹ́ńjìnnì lè yí lójijì. Ibi tí afẹ́fẹ́ bá ti ń sọ̀rọ̀ ni àbùkù wà: kabúrétọ̀ fún fáàfù ìwọlé, sáláńsà fún fáàfù ìjáde, ìhó nínú rédíétọ̀ fún gásíkẹ́ẹ̀tì héèdì. Díẹ̀ tí ó bá gba ihò ọ́ìlì jáde kò yẹ kó dẹ́rù bani, rínǹgì tuntun kò tíì bá silíńdà mọ́ra.

Epo

Ọ̀rọ̀ epo kò pọ̀. Kabúrétọ̀ tuntun gbẹ, dídúró de pọ́ńpù kí ó kún un sì túmọ̀ sí kíkì tí kò wúlò. Kí a fi ìgò kékeré rọ epo bẹntiróòlù sínú abọ́ rẹ̀ láti ẹnu páìpù atẹ́gùn, kí a nù èyí tí ó bá dànù, kí a sì wo ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ nígbà tí a bá tẹ okùn epo. Epo gbọ́dọ̀ tú jáde ní ìlà tí ó mọ́. Bí kò bá tú, àbùkù wà nínú kabúrétọ̀. Bí ó bá tú ṣùgbọ́n tí abọ́ kò tún kún, kí a wo pọ́ńpù, nítorí pé ọ̀pá tí kámù Chevrolet fi ń ti pọ́ńpù a máa yọ̀ wálẹ̀ nígbà ìtò bí a kò bá fi gíríìsì líle gbé e dúró. Pílọ́ọ̀gì tí ó tutù tí ó sì ń rùn epo ń sọ pé epo ti pọ̀ jù tàbí pé iná kò ta. Kí a tú u, kí a jẹ́ kí silíńdà gbẹ. Ẹ̀rọ ìpaná gbọ́dọ̀ wà nítòsí, kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe gbé ojú sórí ọ̀fun kabúrétọ̀ nígbà kíkì.

Ohùn tí ẹ́ńjìnnì fi ń dáhùn

Ẹ́ńjìnnì tí ó ń yìn padà láti ẹnu kabúrétọ̀ ń jó epo nígbà tí fáàfù ìwọlé ṣí: ó jẹ́ dísítíríbútọ̀ tí a gbé wọlé ní òdìkejì, wáyà tí ó kọ ara wọn, tàbí kámù tí eyín gíà rẹ̀ ṣìnà. Ìró nínú sáláńsà ń sọ̀rọ̀ epo tí kò jó nínú silíńdà. Ẹ́ńjìnnì tí ó ń tì kíkì padà, tí ó ń dá a dúró gbọn-gbọ́n, ni iná rẹ̀ ń ta ṣáájú àkókò jù, ìtúnṣe rẹ̀ sì jẹ́ yíyí dísítíríbútọ̀ díẹ̀ síbi tí rótọ̀ ń yí sí.

Nígbà tí ó bá jí, kò sí ìsinmi fún kámù tuntun: kí a gbé e lọ sí yíyípo 2000 sí 2500 ní ìṣẹ́jú kan lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí a sì máa sún un sókè-sódò láàárín ààlà yẹn fún ogún ìṣẹ́jú, pẹ̀lú ọ́ìlì tí ó ní síńkì tó fún lífítà pẹrẹsẹ. Kí ilé iṣẹ́ ṣí sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́, kí a fi nǹkan dá táyà dúró, kí ojú má sì kúrò lára géèjì ọ́ìlì àti ti ìgbóná. Bí ìtẹ̀ ọ́ìlì bá já tàbí omi bá ń jò, kí a pa á ní kíá, kí a tún ohun náà ṣe, kí a sì parí ìyókù ogún ìṣẹ́jú náà lẹ́yìn náà. Bí ó bá parí, kí a da ọ́ìlì náà nù, kí a gé fílítà rẹ̀ sí méjì, kí a sì wo ìwé inú rẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ oòrùn bóyá irin dídán pọ̀ nínú rẹ̀.